Aṣọ Àga Ọkọ̀

Àbíkẹ́yìn fi ọ̀bẹ gé okùn ẹrù tí ìyá rẹ̀ fi rán ẹnì kan sí i láti ilé. Ohun tó rí nínú rẹ̀ mú kó jókòó gbì sórí ibùsùn. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo àga ọkọ̀ ni: méjì fún iwájú, ọ̀kan gbọọrọ fún ẹ̀yìn, rọ́bà sì yí gbogbo etí wọn po kó lè di àga mú. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré.

Bẹ́ẹ̀, Àbíkẹ́yìn kò ní ọkọ̀.

Fọ́tò ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé òkè òkun, tó ń bá wọn fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀yàyà, ọmọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ká aṣọ ibùsùn, kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Ìwọ tó wọ bàlúù wá, o tún ń tò fún bọ́ọ̀sì! Ṣé kì í ṣe abúlé kejì lo wá báyìí?"

Ní ọjọ́ kan, wọ́n jọ lọ wo ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan níbi tí wọ́n ti ń tà á. Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ tì í, Ọ̀yàyà ya fọ́tò, Àbíkẹ́yìn sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá bú sí àdúrà lórí fóònù pé, "Ọkọ̀ yìí kò ní mu ẹ̀jẹ̀, wàá lò ó pẹ́," àmín ló ṣe. Ẹnu rẹ̀ kò purọ́. Àmín rẹ̀ ló purọ́.

Nígbà tí Ọ̀yàyà rí aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí. "Aṣọ ti ṣáájú ọkọ̀ dé! Yáa lọ rà á, irọ́ á di òótọ́. Kó o kàn máa ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́ ti àárọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Àbíkẹ́yìn ṣe ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń kàwé fún ìdánwò nọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí kíláàsì. Bí òun bá ń wa ọkọ̀, ojú wo lòun ó fi kàwé? Bí òun bá ń ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ta ni yóò lọ sí kíláàsì? Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ gan-an ni bọ́ọ̀sì ń já òun sí. Kí wá lòun fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, bí kì í bá ṣe nítorí ẹnu ayé?

Ní àkókò ìsinmi, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Mo kàn dúró tì í ni."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lọ́hùn-ún dákẹ́.

"O kàn dúró tì í? Àmín tí o ṣe ńkọ́, ṣé ìyẹn náà kàn dúró tì í ni?"

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Gbogbo oníbàárà mi ni mo fi fọ́tò yẹn hàn! Ta ló ń lé ọ? Ṣé èmi ni mo ní kí o ra ọkọ̀?"

"Rárá, mà. N kò sì ní í rà á báyìí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kàwé. Tí mo bá di nọ́ọ̀sì, tí iṣẹ́ wá gbé mi dé ibi tí bọ́ọ̀sì kì í dé, nígbà náà ni màá rà á."

Ìyá rẹ̀ pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi pè é, ọkàn Àbíkẹ́yìn kò sì balẹ̀. Síbẹ̀, kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kẹjọ, fóònù dún.

"Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ní ọmọ mi kò ní ọkọ̀, ìwé ló ń kà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn kan sì rẹ́rìn-ín."

"Kí lẹ wá sọ, mà?"

"Mo ní kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín o, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni wọ́n máa wá gba abẹ́rẹ́ lọ́la!"

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a kò bá ní, kò sí ìtìjú nínú kí a sọ pé a kò ní in. Ẹni tó bá ń ra nǹkan nítorí ojú ayé kò ní rà á tán láé, nítorí ojú ayé kì í kún.