Mìlímítà Mẹ́jọ

"Má dìde o. Tó o bá dìde báyìí, a ti fi gbogbo òru ṣòfò."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó lóṣòó tì mí, ó ń fi ṣíbí rọ tíì sí mi lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí etí mi. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná ni mo ti wà ní gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá. N kò jókòó, n kò dúró, n kò fi ìrọ̀rí sórí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, àyà ni mo fi wọ́ débẹ̀ bí aláǹgbá. Aago mọ́kànlá àárọ̀ sì ti ń lọ lù. Ní aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa wọn gíga mi nílé ìwòsàn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi láti ẹ̀yìn á ní mi ò ju ọdún méje lọ. Àbọ̀ ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Olùkọ́ tuntun kan ti fà mí lọ́wọ́ rí, ó mú mi kọjá títì lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní ọmọ wọn ló ṣìnà wá sọ́dọ̀ wa. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Ọdún kan sẹ́yìn ni ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa ń wá àwọn ọmọdé tí ara wọn kọ̀ tí kò dàgbà sókè, fún ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ kan. Màámi mú mi lọ, wọ́n sì gbà mí. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ni Màámi ń gún mi lábẹ́rẹ́ tín-ín-rín nítan kó tó sùn, torí pé kùtùkùtù ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ìfọṣọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta là ń lọ fún wíwọ̀n.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n wá kò mọ eré. Wàá bọ́ bàtà, wàá tú irun tó bá ga lórí, wàá fi gìgísẹ̀ kan pákó. Á wá fa igi kékeré kan wálẹ̀ títí tá á fi kàn ọ́ ní àtàrí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni nígbà gbogbo. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Àárọ̀ lèèyàn máa ń ga jù," ó ní. "Tó o bá ti dìde, tó ò ń rìn káàkiri, ẹ̀yìn rẹ á máa rún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Tá a bá wọn ọmọ kan láàárọ̀, tá a wá wọn òmíì nírọ̀lẹ́, irọ́ la ń kọ sínú ìwé."

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí etí rẹ̀ ṣe nà, mo rí i.

Mo-ti-mọ̀ là ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọmọ ogún ọdún ni, òun ló ń wa ọkọ̀ tí Bàámi, tó jẹ́ káfíńtà, fi ń kó iṣẹ́ fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ tó o bá fẹ́ sọ, ó ti mọ̀ ọ́n kó o tó la ẹnu. Òun ló ka ìwé àdéhùn ìwádìí náà fún gbogbo ilé, torí pé kò jẹ́ kí ẹlòmíì kà á. Òun ló sì sọ fún wa pé ọmọ tí kò bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ga sí i láàárín ọdún kan yóò kúrò.

Ọdún náà fẹ́ pé wẹ́rẹ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Bàámi gbé mi dúró ti férémù ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti fa ìlà sí gíga mi lọ́dún tó kọjá, ó fa tépù rẹ̀ yọ. Ó wò ó, ó tún un wò. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti mìlímítà méjì ni mo fi ga sí i. Mìlímítà mẹ́jọ ló kù.

"Ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́," ni Bàámi wí.

Mo-ti-mọ̀ ò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní tí mo bá sùn gbalaja títí di aago méjì, ẹ̀yìn mi ò ní ráyè rún. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni ìrètí tí mo ní, ẹ̀rù sì bà mí dé eegun pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe gbà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀dì tuntun kan wà nínú ọkọ̀ Bàámi lọ́jọ́ náà. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ló ni ín, a ó gbé e fún un nírọ̀lẹ́ tá a bá ti ilé ìwòsàn dé. Bàámi rò pé iwájú ni mo máa jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi bí pákó, ó tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí. Oòrùn mú. Ó wá mú aṣọ ìbùsùn kan, ó fi bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ funfun ni.

Ó ń rọra wa ọkọ̀ kí kòtò ojú ọ̀nà má baà rún ẹ̀yìn mi. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ìlú dákẹ́. Mo yọjú láti etí aṣọ, mo rí ọkùnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó ṣí fìlà. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi ń mi orí.

"Ó mà ṣe o," ọ̀kan ní. "Ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ ò rí bó ṣe kéré?"

Ó dùn mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n dìde, kí n sọ ọjọ́ orí mi fún un. Ní oríta, ọlọ́pàá dá gbogbo ọkọ̀ dúró fún wa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín, sà," ni Mo-ti-mọ̀ dáhùn.

Ibẹ̀ ni eruku ti wọ̀ mí nímú. Mo fẹ́ pa sísín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Mo sín gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ aṣọ. Bàbá kan tó ń gbàdúrà fún mi létí ọ̀nà sá, ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀, ọlọ́pàá pàápàá tẹ̀lé e.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi nà mí gbọọrọ sí apá méjèèjì wọlé. Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì fi ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà pàdé wa, wọ́n já mi gbà.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Láti ìgbà wo ló ti wà báyìí?"

"Láti alẹ́ àná."

Wọ́n bá sáré. Wọ́n fi nǹkan bò mí nímú, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, dókítà kékeré kan ń gbá mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí èyí tó dùn mí nínú gbogbo rẹ̀, torí pé mo ṣì wà ní gbalaja. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo yọ nǹkan imú náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń retí mi níbi ìwọ̀n ní aago méjì."

Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n fi gbé mi débẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti mìlímítà kan ni nọ́ọ̀sì kà pé mo fi ga sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wò mí títí, ó wo pákó rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

A jáde lọ dúró de dókítà. Obìnrin kan wà lórí àga tó kọjú sí wa, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí itan. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ọmọ ọdún méjì ló wọ̀. Ó bi wá pé mélòó ni tiwa.

"Mẹ́rin lé díẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó na àyà.

Omi lé ròrò lójú obìnrin náà. "Tèmi ò kúrò lójú kan. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí àìsàn rẹ̀ yàtọ̀, kí n mú un lọ lọ́la sọ́dọ̀ oníṣègùn tó ń wo ẹ̀yà ara inú ọ̀fun tó ń mú ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ yìí bá ṣe é fún ẹ báyìí, mi ò lọ mọ́. Màá ní sùúrù fún ọdún kan sí i."

Irọ́ tí mo pa, mo rò pé ìwé nìkan ni mo pa á fún. Ó ti wá wọ ilé onílé, ó fẹ́ gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀ mí rí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì lo ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ojú mi, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ mi yọ.

"Mà, ẹ má dúró nítorí tèmi," mo ní. "Mi ò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn náà mo wọlé tọ nọ́ọ̀sì lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní mo purọ́.

"Irọ́ wo? O ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yìn mi ni mo fi pa á, mà."

Mo rò ó fún un láti orí ilẹ̀ yàrá dé orí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà gbọọrọ lórí iye tó kọ, ó ní kí n padà wá lọ́la, kí n fi ẹsẹ̀ mi rìn wá. "Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ni wọ́n máa fi nọ́ńbà yìí wọn oògùn fún," ó ní. "Kì í ṣe tìẹ nìkan."

Nírọ̀lẹ́, a gbé bẹ́ẹ̀dì lọ fún ìyá tó fẹ̀yìn tì náà. Ẹnu géètì ló ti dá wa dúró. Ó ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tá a kọjá, ó tilẹ̀ ti gbàdúrà.

"Bẹ́ẹ̀dì tí òkú sùn lé lẹ fẹ́ gbé wọlé mi?"

"Òun nìyí, mà," ẹ̀gbọ́n mi tì mí síwájú. "Ó wà láàyè."

Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló burú jù," ó ní, ó sì ti géètì.

Bí Bàámi ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeé kọ sínú ìwé ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi, Bàámi àti Mo-ti-mọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn. Ní aago méjì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti mìlímítà méjì ni nọ́ọ̀sì kà. Bàámi fọwọ́ kan tépù rẹ̀ nínú àpò, ó wú u lórí pé ó bá ti nọ́ọ̀sì mu. Èmi sunkún. Mo ti gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Dókítà obìnrin tó ń darí ìwádìí náà mú ìwé àdéhùn wá. "Ta ló ka èyí fún yín?"

Gbogbo wa wo Mo-ti-mọ̀.

"Kà á fún mi," dókítà ní.

Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ewé: "'Ọmọ tí kò bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ga sí i láàárín ọdún kan yóò kúrò nínú ẹgbẹ́ kìíní.' Ó parí, mà."

"Ṣí i."

"Kí n ṣí kí ni, mà?"

"Ewé kejì."

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "'Yóò sì bọ́ sí ẹgbẹ́ kejì, níbi tí a ó ti fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀.'"

Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ lánàá, èyí tí kò tó mi ni wọn ìbá máa fún mi fún ọdún mìíràn, èmi fúnra mi ni ìbá sì ti fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ó ní, "Mi ò mọ̀."

N kò tíì mọ ibi tí mo máa ga dé. Dókítà náà ò mọ̀, ó ní ohun tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: ìwé tó bá kan ẹ̀mí yín, ẹ fi ojú ara yín kà á tán. Ẹni tó bá sì ń wá ìwòsàn fún yín, ẹ má tàn án jẹ, torí ibi tẹ́ ẹ bá fi hàn án ló máa tọ́jú, èyí tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ á kù sí yín lára.