Aṣọ Pupa Nínú Igbó Bàbá Káfíńtà

Etí igbó rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Káfíńtà. Ó fẹ̀yìn ti igi bí ẹni tó ń sinmi, òòlù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì di ìrépé aṣọ pupa kan mú ṣinṣin. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Lánàá ọjọ́ náà, ó ṣì ń bá aládùúgbò ṣàwàdà pé òun á kan pósí gbogbo wọn kí òun tó kan tòun.

Kí oṣù tó pé, oyún bàjẹ́ lára ìyàwó Télọ̀, àkọ́bí olóògbé. Ọmọbìnrin Télọ̀ náà dùbúlẹ̀ ibà.

“Ẹ bi obìnrin tó wà nínú ilé yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n olóògbé wí, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-bí-abẹ. Ìyàwó Kékeré ló ń bá wí, ẹni tí bàbá fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá Télọ̀, tí kò sì bímọ fún ọdún mọ́kànlá.

Ni Télọ̀ bá tẹ̀ lé e lọ sí igbó bàbá ní kùtùkùtù ọjọ́ kan. Igbó yìí kò ní ilé, kò ní oko. Koríko àti igi lásán ni. Bí obìnrin náà ṣe wọ inú rẹ̀, agbo lékeléke gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí lókè orí rẹ̀, wọ́n sì bà sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń lọ láti èèkàn kan tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ dé òmíràn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Aṣọ pupa wà lórí èèkàn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni wọ́n. Nígbà tó lọ tán, Télọ̀ sún mọ́ ọ̀kan. Ó mọ aṣọ náà. Ìró Ìyàwó Kékeré ni wọ́n fà ya. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ etí ìró náà. Ó sáré lọ pe Ẹnu-bí-abẹ.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, òun àti Ẹnu-bí-abẹ ti fa gbogbo èèkàn tu, wọ́n ti dáná sun wọ́n.

“Ta lo so mọ́ èèkàn? Dárúkọ wọn!” Ẹnu-bí-abẹ ń pariwo mọ́ Ìyàwó Kékeré ní pálọ̀.

“Ẹ ṣe sùúrù dọ̀la, Àǹtí. Lọ́yà bàbá ń bọ̀,” ni Ìyàwó Kékeré wí.

“Lọ́yà! Ṣé òun náà máa ń fò ni?”

Ìyàwó Télọ̀ rọra dá sí i. “Dókítà ní ẹ̀fọn ló fa ibà ọmọ yìí.”

“Ta ló rán ẹ̀fọn?”

Télọ̀ ò wo ojú Ìyàwó Kékeré. “A ti sun èèkàn yín. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kẹ́ ẹ ti kúrò nílé yìí.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. “Gbogbo ẹ̀? Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ sun.”

Wọ́n gbà pé ìhàlẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ọmọ kankan jáde.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà dé pẹ̀lú sọfiyọ, ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ó ka ìwé ìpíngún. Dókítà ti sọ fún bàbá láti ọdún tó kọjá pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, bàbá sì ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá fi apá kan igbó ta ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́rẹ, kí wọ́n lè rí ibi kọ́lé sí. Apá tó kù àti ilé jẹ́ ti Télọ̀. Bàbá gbẹ́kẹ̀ lé e pé á tọ́jú ìyàwó òun.

“Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n,” ni sọfiyọ wí. “Bàbá ní òun á fẹsẹ̀ rin ààlà náà, òun á so aṣọ pupa mọ́ èèkàn kí n lè rí i. Ó ní méje ni.”

Télọ̀ àti Ẹnu-bí-abẹ wo ara wọn.

“A ti sun wọ́n,” ni Télọ̀ wí.

“Ẹ sun ààlà yín? Láìsí ààlà, ìwé ilẹ̀ kankan ò lè jáde, títí kan tiyín!” ni sọfiyọ ké.

“Èmi ni mo di èèkàn mú fún un,” ni Ìyàwó Kékeré wí. “Ó ní kí n máa kà wọ́n láràárọ̀, kí ewúrẹ́ má baà bì wọ́n ṣubú, kí n má sì sọ fún ẹnì kankan títí lọ́yà á fi dé. Keje ló ń lọ kàn tó fi kú. Ó ti júwe ibẹ̀ fún mi.”

Wọ́n tẹ̀ lé e wọ igbó. Ó tọ́ka sí ibi mẹ́fà láìṣiyèméjì. Ihò èèkàn ṣì wà níbẹ̀. Ó wá ku ibi keje, tí kò ní ihò, tí kò sì lẹ́rìí. Orísun omi kan ṣoṣo tó wà nínú igbó náà wà níwájú wọn. Bó bá dúró ṣáájú rẹ̀, omi náà bọ́ lọ́wọ́ Télọ̀, ó di ti àwọn ọmọ aláìlóbìí.

“Ibi tó ti máa gbẹ̀san rèé,” ni Ẹnu-bí-abẹ sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ ó rí i.”

Ìyàwó Kékeré gbé ìró sókè, ó gba inú omi kọjá, ó sì ń lọ. Ó tó ogún ẹsẹ̀ kó tó dúró. “Ibí ni. Ó ní Télọ̀ fẹ́ràn omi yìí láti kékeré.”

Sọfiyọ kan èèkàn mọ́lẹ̀. Télọ̀ ò lè gbójú sókè.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Ilé ta ni?”

“Ilé yín.”

Obìnrin náà gbọn omi kúrò létí ìró rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn.