Obìnrin Inú Orí Keje

Ìwé ìròyìn náà gbẹ nígbà tí ìyàwó òǹkọ̀wé mú un wọlé láàárọ̀. Àmọ́ nígbà tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi máa dé ìdí tábìlì, ojú ewé tí wọ́n ti yẹ ìwé rẹ̀ wò ti tutù rinrin, òun nìkan ṣoṣo láàárín gbogbo ojú ewé tó kù. Ó sá a sójú fèrèsé, ó sì ń kà á lórí ìdúró.

Lámèyítọ́ tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ látijọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Gègé-Mímú. Ìtàn òwò ẹrú ni òǹkọ̀wé kọ, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi jókòó tì í. Gègé-Mímú ní àwọn ọ̀gá oko inú rẹ̀ dà bí ère. Ṣùgbọ́n ó ní ẹrúbìnrin tó sọ̀rọ̀ ní orí keje, alààyè ni. Pé òǹkọ̀wé yìí ò lè dá irú rẹ̀ kọ láé, àfi bí obìnrin náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́ fún un.

Òótọ́ ibẹ̀ ló dùn ún jù. Òwúrọ̀ kan péré ló fi kọ orí keje, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń sáré ni, kò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Owú wá ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹun. Wọ́n ń jowú ọ̀rẹ́, wọ́n ń jowú orogún; ta ló gbọ́ ọ rí pé bàbá ń jowú ọmọ tó fi gègé bí?

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹni tó yin ọmọ ló yin bàbá.

“Òun ni wọ́n yìn,” ni ọkọ fèsì. “Wọn ò yìn mí.”

Ó kọ èsì sí ilé ìwé ìròyìn. Ó ní òun ló ni obìnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, pé ohùn tí òun yá a ló fi ń sọ̀rọ̀, àti pé ẹnu tí òun là fún un, òun lè pa á dé. Ó ní tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, kò ní sọ gbólóhùn kan mọ́. Bó ṣe fọwọ́ sí i, ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ tó jáde, ìyàwó rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ mú ìwé ìtàn náà, ó ṣí orí kẹta, ó sì gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá ilé,” ó rọra wí, “ọ̀gá oko ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níbí.”

Ọ̀rọ̀ náà ni lóòótọ́, kò yingin. Òǹkọ̀wé ṣì ń kà á nígbà tí fóònù dún. Olóòtú ìwé ìròyìn ni. Ó ní obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin wà ní ọ́fíìsì àwọn láti àárọ̀, àwọn fún un ní àga, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ní obìnrin náà mú èsì wá sí èsì òǹkọ̀wé, ìlà kan péré ni, òun á sì kà á kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

“‘Ohùn tó ní òun yá mi, tèmi ni. Mo ti gbà á padà.’ Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa fèsì?”

Òǹkọ̀wé la ẹnu. Ó fi gbogbo agbára àyà rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ síta, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó tẹkúntẹkún. Ohùn kankan ò jáde.



“Ó dáa, ẹ̀gbọ́n,” ni olóòtú wí. “Obìnrin náà ti sọ fún wa pé ẹ ò ní lè fèsì.”