Ramlah àti Tọ́ọ̀ṣì Tó Ń Kọrin

Orúkọ rẹ̀ ni Ramlah. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ṣakí ni wọ́n ń gbé, òun, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti Màmá Àgbà tó bí bàbá rẹ̀.

Ojú Màmá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Ramlah mú gan-an. Ó máa ń rí èèrà lórí ògiri. Bàbá rẹ̀ tiẹ̀ sọ pé ó máa ń rí ẹran nínú ọbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìkòkò.

Tí wọ́n bá ń rìn lọ, Ramlah á di ọwọ́ Màmá Àgbà mú.

"Kòtò rèé, Màmá."

Màmá Àgbà á yà fún un.

"Òkúta rèé, Màmá. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè."

Màmá Àgbà á gbẹ́sẹ̀ sókè. Á wá sọ pé, "Ojú rẹ ni ojú mi."

Inú Ramlah á dùn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, tọ́ọ̀ṣì Màmá Àgbà kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kẹ́. Kò tàn. Wọ́n gbá a nídìí, pó, pó. Kò tàn.

Màmá Àgbà ní òun ò lè wà láìní tọ́ọ̀ṣì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń jí láti kí ìrun àsùbáà. Omi aluwàlá wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ọ̀pá á wà lọ́wọ́ kan. Búùtà omi á wà lọ́wọ́ kejì. Abíyá ló máa ń há tọ́ọ̀ṣì mọ́.

Òun àti Ramlah bá mú ọ̀nà ọjà pọ̀n.

Oòrùn mú. Oòrùn Òkè-Ògùn kì í bá èèyàn ṣeré. Samsudeen tó ń ta tọ́ọ̀ṣì ti pàtẹ gbogbo ọjà rẹ̀ sínú oòrùn.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì gbọọrọ wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó dúdú, tó ní okùn tó ń fà, tí wọ́n ń so mọ́ orí bíi ti ọdẹ.

Ọ̀kan sì wà tó jẹ́ píńkì. Wọ́n ya ológbò sí i lára. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á máa kọrin. Tì-rì-rí, tì-rì-rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ọkàn Ramlah ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Màmá Àgbà fọwọ́ kan èyí tó dúdú. Ó bi Ramlah léèrè pé èwo ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Ramlah ò wo èyí tó dúdú. Kò wo èyí tó gùn. Píńkì nìkan ló ń wò.

"Eléyìí ló mọ́lẹ̀ jù, Màmá."

Ṣé òótọ́ ni? Ramlah ò mọ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán, gbogbo tọ́ọ̀ṣì ló rí bákan náà.

Píńkì wọ́n ju èyí tó dúdú lọ. Màmá Àgbà rà á bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní, "Ojú rẹ ni ojú mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, inú Ramlah ò dùn tán.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, Ramlah ṣì wà lórí ẹní nígbà tó gbọ́ orin kan. Tì-rì-rí. Màmá Àgbà ti ń lọ sẹ́yìnkùlé.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà ò ju ti tanátaná lọ. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ kan. Búùtà wà lọ́wọ́ kejì. Gbòǹgbò igi ẹ̀mí sì wà nílẹ̀.

Gbì.

Màmá Àgbà ṣubú. Búùtà yí lọ, gbọlọ, gbọlọ, gbọlọ. Tọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀, ó ṣì ń kọrin. Tì-rì-rí, tì-rì-rí.

Bàbá sáré jáde. Ìyá sáré jáde. Wọ́n gbé Màmá Àgbà wọlé. Orúnkún rẹ̀ ti wú tó ọsàn. Ìyá Ramlah fi omi gbígbóná jó o.

Màmá Àgbà ò sunkún. Ó ní gbòǹgbò yẹn kàn ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ilé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ramlah ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ògì fún un. Ó tì í sẹ́yìn. Wọ́n fún un ní àkàrà. Ó gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ inú egungun.

"Ká ní mo wò ó," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ká ní mo wò ó dáadáa ni."

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì píńkì jù sábẹ́ àga. Kò fẹ́ rí ológbò yẹn mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó lọ jókòó ti Màmá Àgbà.

"Màmá, mi ò wò ó."

"Kí lo ò wò?"

"Tọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ èyí tó mọ́lẹ̀. Orin rẹ̀ ló wù mí. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Màmá Àgbà ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Adìẹ kan kọjá. Adìẹ kejì kọjá.

"Orúnkún á san," ó wá ní. "Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí. Ojú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni."

Ramlah bú sẹ́kún. Màmá Àgbà fà á mọ́ra, ó nu omi ojú rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n kò sọ pé, "Ojú rẹ ni ojú mi." Ramlah ń retí rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, inú yàrá ni Màmá Àgbà ti ń ṣe aluwàlá. Orí àga ló ti ń kírun. Ramlah ló ń bu omi wá fún un nínú abọ́. Ó ń rọra rìn kó má baà dànù.

Tó bá ti ń bu omi, á rántí. Ká ní mo wò ó.

Ọjọ́ ọjà tún pé. Bàbá ń lọ ra tọ́ọ̀ṣì míì. Ramlah bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun dání. Ó tún tọrọ híjáàbù ńlá Màmá Àgbà, èyí tó gùn dé ilẹ̀.

Màmá Àgbà bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Mo fẹ́ fi ṣe òkùnkùn," Ramlah ní.

Ó mọ ohun tó ń sọ. Inú híjáàbù yẹn ló máa ń sá pamọ́ sí. Ó mọ bó ṣe ń ṣókùnkùn tó.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Samsudeen. Ramlah gbé píńkì kalẹ̀. Ó sọ fún un fúnra rẹ̀ pé kò mọ́lẹ̀, àti pé Màmá Àgbà ti fi ṣubú.

Samsudeen họ orí. Ó ní òun náà jẹ̀bi, ó yẹ kí òun ti sọ fún Màmá pé oòrùn ń tan ojú jẹ. Ó gba píńkì padà. Ó ní kí Ramlah mú èyí tó bá dára.

Ramlah da híjáàbù bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Inú ibẹ̀ ṣú biribiri.

Ó tẹ èyí tó kéré. Kẹ́. Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pàápàá.

"Rárá," ni híjáàbù wí.

Ó tẹ èyí tó gùn. Kẹ́. Ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni Màmá máa fi mú un?

"Rárá," ni híjáàbù wí.

Àwọn èèyàn dúró. Wọn ò rí híjáàbù tó ń ná ọjà rí.

Ramlah so èyí tó dúdú mọ́ orí. Kẹ́. Inú híjáàbù mọ́ kedere. Ó rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó rí èèrà kan tó ń gbé gààrí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo.

Kò tíì gbà. Ó mi orí síhìn-ín, ó mi orí sọ́hùn-ún. Tọ́ọ̀ṣì ò bọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà ò dín.

Ramlah yọ orí síta. "Mo ti wò ó," ó ní. "Mo wò ó dáadáa."

Bàbá ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀, nítorí pé ọ̀kadà òun máa ń kú sójú ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́. Ó ní kí wọ́n yá òun ní híjáàbù. Ó dà á borí, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ló mọ, bàtà oko rẹ̀ sì yọ síta nísàlẹ̀. Samsudeen rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ramlah wo píńkì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ológbò yẹn ṣì rẹwà. Ó yíjú kúrò, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, orúnkún Màmá Àgbà san.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ kan. Búùtà wà lọ́wọ́ kejì. Kẹ́. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀.

Oorun ṣì wà lójú Ramlah, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Wọ́n dé abẹ́ igi ẹ̀mí. Màmá Àgbà dúró. Kò rìn mọ́.

"Gbòǹgbò rèé, Màmá," Ramlah ní. "Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè."

"Mo ti rí i," Màmá Àgbà ní. "Ìwọ ni mo ń dúró dè."

Ó gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó wá rọra sọ ọ́.

"Ojú rẹ ni ojú mi."

Ramlah gba búùtà lọ́wọ́ Màmá Àgbà, àwọn méjèèjì sì jọ kọjá gbòǹgbò náà.