Iná Tó Kú ní Kirikiri

Ohùn Morádéún ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú ẹ̀. Ọdún 1997 ni. Ó wà ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ wa ní Wharf Road, èmi wà ní yàrá ẹ̀rọ ní èbúté Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Wọkitọkí ló so wá pọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ráútà, àpótí dúdú yẹn. Ṣé iná ti tàn ní pọ́ọ̀tù kìíní, ihò tí wáyà Wharf Road wọ̀?"

"Ó ti tàn, máàmù. Ó tiẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ fún pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ẹni tó wà lódìkejì. Ó ní ráútà ọ̀dọ̀ òun á gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, á fi ránṣẹ́, tọ̀dọ̀ mi á sì tò ó padà. Nígbà tó yá, mo di "Jùwọ́n mi". Òun náà di "Déún, adúmáadán mi". Mo fẹ́ràn ẹ̀ gidigidi.

Ó mú mi lọ kí bàbá ẹ̀, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Pírámárì fáìfù ni mo ti kúrò, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Morádéún, kí lèyí jẹ́ sí ọ?"

Déún wolẹ̀. "Kò jẹ́ nǹkan kan, Dádì. Ẹni tó ń bá wa wo iná ní Kirikiri ni."

Mo gbé e sínú.

Lọ́sẹ̀ kejì, Déún ń tún ráútà Kirikiri tò láti Wharf Road. Ó fẹ́ ti pọ́ọ̀tù kan tí a kò lò mọ́, àmọ́ pọ́ọ̀tù kìíní ló tì, èyí tí òun fúnra ẹ̀ gbà wọlé. Iná kú. Kò rọ́nà padà wọlé mọ́. Iṣẹ́ dúró ní èbúté, àwọn ọ̀gá sì dúró lé e lórí.

"Jùwọ́n, jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ kò tíì tọ́jú àṣìṣe yẹn pamọ́, á gbàgbé ẹ̀ tó bá kú. Pa ráútà, kí o tún un tàn, pọ́ọ̀tù á ṣí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á lé mi."

"Kí ni mo jẹ́ sí ọ, Déún?"

Gbogbo àwọn tó ń já ẹrù ló ń gbọ́ wa lórí wọkitọkí tiwọn. Monday, tó ń wa kíréènì, dá sí i: "Madam, answer am o!"

"Má ṣe mí báyìí níwájú èèyàn, Jùwọ́n."

"Ṣé ẹ̀yìn èèyàn ni ìwọ ti ṣe tèmi lọ́dọ̀ bàbá ẹ?"

Ó bú sẹ́kún. "Olólùfẹ́ mi ni ọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Ṣó tó?"

Èbúté hó yèè. Mo pa ráútà, mo tún un tàn.

"Iná ti tàn, máàmù. Ẹni tó ń bá yín wò ó ni." Mo pa wọkitọkí.

Nírọ̀lẹ́, ó wá sílé mi l'Ajégúnlẹ̀, ó gba inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì.

"Jùwọ́n mi, mo ti sọ fún Dádì. Ṣílẹ̀kùn."

Ìyá Ràdíátù, tí yàrá wa kọjú síra, pariwo: "Jùwọ́n, ọmọ yìí ń sunkún o! Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ọwọ́ ẹ̀ fi dákẹ́ lára ilẹ̀kùn.

Ó ti relé ọkọ báyìí. Ohùn ẹ̀ ṣì wà létí mi lójoojúmọ́. Bó bá tún kanlẹ̀kùn lónìí, n kò ní í ṣí i.