Ọta Olórí Bàbà

Ìbọn tí ọkọ mi yìn nínú igbó Ìpògùn, inú ilé ìdáná mi l'Àkúrẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òde ló ti dún, inú ikùn mi ni. Ooru kan là á kọjá láti ọ̀tún sí òsì, òórùn ẹ̀tù ìbọn sì bo òórùn irú tó wà lórí iná. Láti ìgbà náà ni ọmọ inú mi kò mira mọ́. Oyún tí a ti ń wá láti ìgbà tí ọkọ mi ṣì ní irun lórí ni o!

Ará Ọ̀wọ̀ ni Akíntóyè ọkọ mi. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Tó bá di Sátidé, ó di ọdẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń pa ẹran, ilé wa ì bá ti kún fún ìwo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ògúnníyì, ògbó ọdẹ Ìpògùn, ló ń mú un wọgbó. Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún kì í yìnbọn sí abo ẹran. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ nìyẹn.

Oríṣi ọta méjì ló ní. Olórí òjé rọ̀. Bó bá ti wọ ara ẹran, á fẹ̀, á ba gbogbo inú rẹ̀ jẹ́. Olórí bàbà le. Bí ẹran bá sún mọ́, eré ọta náà a pọ̀ jù, a kàn gba ara ẹran já bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba aṣọ já. Olórí òjé lọkọ mi fẹ́ràn, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àpò ṣòkòtò tí mo ti rì sínú omi ọṣẹ ni gbogbo wọn wà.

"Ìbídùnní, o ti fọ ìgalà mi dànù!" Ó fi ìbínú kó olórí bàbà lọ.

Lẹ́yìn ìró ìbọn yẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń fi ìka kan ikùn mi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún kò wá. Àdùnní aládùúgbò wa ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kó lè gbé mi lọ sí ọsibítù, àfi gbàù! Ọmọ ta mí nípàá. Èmi àti Àdùnní pariwo ayọ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Bàbá ló sọ ti inú igbó fún mi. Ìgalà náà kò jìnnà ju ẹnu ọ̀nà wa sí géètì lọ. Abo ni, ikùn rẹ̀ sì tóbi. Kí Bàbá tó sọ pé kó má yìn ín, ìbọn ti dún. Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ dé etí odò. Ó dúró níbẹ̀, ó ń mu omi, ihò kékeré kan wà léjìká rẹ̀. Kò sá. Ọkọ mi tún gbé ìbọn sókè. Bàbá rọra tẹ ẹnu ìbọn náà sílẹ̀.

"Akíntóyè, wo ojú ẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ń bẹ̀ ọ́ ni. Jẹ́ a re ulé."

Ẹran náà yí padà, ó rọra wọ igbó lọ. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, a rí i pé ìgbà yẹn gan-an lọmọ mi ta mí nípàá. Ọkọ mi kò gbà. Ó ní bó bá jẹ́ olórí òjé ni, à bá ti máa jẹran.

Nígbà tí mo bímọ, igbe rẹ̀ kún gbogbo wọ́ọ̀dù. Obìnrin ni, ó pupa, ó sanra. Nọ́ọ̀sì tó ń nù ún lara yíjú sí wa.

"Ẹ wá wo àmì yìí."

Ọ̀kan wà léjìká ọ̀tún, ọ̀kan wà léjìká òsì. Méjèèjì kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, wọ́n sì ti jinná. Ọkọ mi fi ìka kan ti àkọ́kọ́, ó fi kan èkejì. Alásọdùn ẹ̀dá náà kúnlẹ̀ lójú gbogbo nọ́ọ̀sì, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìbídùnní, o ṣé tí o fọ ṣòkòtò mi."

Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ wa ti ń sáré kiri báyìí. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, a máa ń rí ojú ẹsẹ̀ ìgalà lábẹ́ okùn aṣọ wa, ńlá kan, kékeré kan. Ọmọ náà a fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ àárín wọn, a máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí n gbá ibẹ̀.