Nọ́ọ̀sì Tó Ń Fi Aago Se Ìrẹsì

"Ẹ má bínú, sà. Adìẹ mi lẹ ń jẹ yẹn."

Ọkùnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ gbójú sókè, itan adìẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ló dúró tì í tó gbé àwo ẹja dání. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ káàkiri nílé oúnjẹ náà ló ṣi tábìlì, ó gbé ẹja fún obìnrin, ó gbé adìẹ fún ọkùnrin. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà ti jẹ adìẹ dé ìdajì, kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹja.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ jókòó bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni ọ̀kan, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni èkejì. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí kò sí ohun tó ń kánjú ṣe láyé rẹ̀. Bàtà ló ń tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbé bàtà fún un lọ́jọ́ Ajé, ó lè di Ọjọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó rí i gbà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbé e padà wá mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà náà, búrẹ́dì àti ẹyin ló ń jẹ láàárọ̀, ẹyin àti búrẹ́dì ló ń jẹ lálẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wọ́ ọ jáde ní gbogbo Àbámẹ́ta, kí ẹnu rẹ̀ lè kan nǹkan mìíràn.

Ojú tì í. Ó fẹ́ gbé ìyókù adìẹ fún obìnrin náà, ó tún rí i pé ìyẹn ò bójú mu. Ó ní òun á bá a ra òmíràn. Obìnrin náà ní kó máa jẹ ẹ́ lọ, pé ebi ń pa òun, òun á bá a jẹ ẹja rẹ̀. Ló bá fa àga, ó jókòó tì wọ́n, ó sì jẹ ẹja náà dé egungun.

Ẹnu oúnjẹ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kò lọ́kọ rí, kò bímọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ló ń wá jẹun níbẹ̀. Télọ̀, ẹni tó ń rán síìpù sí aṣọ gbogbo ayé tí kò rí síìpù rán sí ẹnu ara rẹ̀, bi í pé kí ló dé tí kì í dáná nílé.

"Mi ò mọ oúnjẹ sè," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Òun náà ò mọ oúnjẹ sè, ọdún méjì gbáko lòun sì fi ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún aládùúgbò, fún oníbàárà, fún ọmọ bíbí inú òun pàápàá. Obìnrin yìí sọ tirẹ̀ láàárín èrò, ilẹ̀ ò sì là. Ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Télọ̀ ní oúnjẹ títà ti sú òun. Ó ní káwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa dáná ní Àbámẹ́ta, lónìí nílé eléyìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nílé tọ̀hún. Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ se ẹ̀wà. Dírẹ́bà yan ẹja sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó wá kan Jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Jẹ́jẹ́ lọ sí ilé oúnjẹ, kì í ṣe torí ebi. Nọ́ọ̀sì ló lọ wá. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ dópin, ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ìlànà, káwọn jọ gbìyànjú.

Ó dé láago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé, bírò, aago ọwọ́ àti ṣíbí tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ oògùn fún aláìsàn: ìrẹsì, ife mẹ́ta, iyọ̀, ṣíbí kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń ṣí ìkòkò wò. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ ń mú hóró ìrẹsì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ awọ bàtà. Ó ní ó ti rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní aago ò tíì pé. Wọ́n ń jiyàn ọ̀hún lọ títí tí òórùn ìjóná fi bá wọn dá sí i.

Òkè ò jinná, ìsàlẹ̀ jó, àárín lẹ̀ mọ́ra bíi gọ́ọ̀mù. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọ́n bù ú jẹ. Nígbà tó yá, Dírẹ́bà fi ṣíbí gbé díẹ̀ sókè, ó wò ó, ó ní bí táyà òun bá jò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, òun ti mọ ibi tóun á ti rí ohun tóun á fi lẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ògiri ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú di tàwọn méjèèjì. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ń mọ́ iṣẹ́ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Sùúrù ni oúnjẹ fẹ́, sùúrù sì ni ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Nọ́ọ̀sì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá sè tọ́ nínú ìwé, kò tọ́ lẹ́nu. Àmọ́ kì í purọ́. Bí ọbẹ̀ Jẹ́jẹ́ bá tẹ́, á ní ó tẹ́. Bó bá dùn, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn na àwo sí i pé kó tún bù sí i.

Jẹ́jẹ́ bá Nọ́ọ̀sì tún bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ kan. Ó rí i pé gìgísẹ̀ òsì ti jẹ ju ti ọ̀tún lọ, ó bi í léèrè. Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ yẹn lòun máa ń fara tì bóun bá dúró ti ibùsùn aláìsàn tí kò fẹ́ kóun lọ. Jẹ́jẹ́ pààrọ̀ gìgísẹ̀ náà, ó sì tẹ́ awọ rírọ̀ sínú bàtà níbi tí ojú ò lè tó o. Nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́, ó rìn dé ojú títì, ó tún rìn padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ "rẹ" yẹn. Láti ọjọ́ adìẹ, "yín" ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ mi," ó dá a lóhùn. "Láti ọjọ́ ìrẹsì ni mo ti ń retí ẹ̀. Ẹ yí ọbẹ̀ yẹn o, ó ń jó."

Jẹ́jẹ́ ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, lọ́yà ni. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó sì máa ń pe bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti bi í pé kí ló jẹ. Jẹ́jẹ́ ò tíì sọ fún un nípa Nọ́ọ̀sì. Ó ń wá bó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ó sì ń wá a jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, Lọ́yà dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti jáde lọ ra àlùbọ́sà. Obìnrin tí kò mọ̀ rí ló bá nílé ìdáná. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ máa ń so mọ́ àyà dáná ló wà lára obìnrin náà, ìkòkò ńlá tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ló wà lórí iná, ìkòkò náà sì ń rú èéfín. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi máa wọlé, ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ bíi ti kóòtù. Nọ́ọ̀sì ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin lẹ jó ìkòkò màámi?"

"Èmi ni."

Lọ́yà yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́nà ọ̀fun, ó ń bọ̀, àmọ́ bí gbogbo nǹkan rẹ̀ ṣe máa ń bọ̀ ló ṣe ń bọ̀. Kó tó dé, Nọ́ọ̀sì ti tú aṣọ náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ yín ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ dákẹ́."

Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìkángun ìlú. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti sọ ọ́ tipẹ́: obìnrin tí kò mọ ọbẹ̀ sè, kí ló gbé e dé ilé ìdáná ẹlòmíràn? Ìgbàkígbà tí Jẹ́jẹ́ bá pè, Nọ́ọ̀sì kì í gbé fóònù.

Jẹ́jẹ́ padà sídìí ẹyin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jẹ ẹ́. Télọ̀ wá kí i, ó bá a níbi tó ti ń bó ọ̀kan, ó jókòó tì í.

"Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," ni Télọ̀ wí. "Tìrẹ ò tiẹ̀ balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ńṣe lo gbé e mì."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn tó wá rí lọ́yà, ó dúró de ìgbà tó kàn án. Nígbà tó wọlé, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró mí. Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn. Ó ní òun ló yẹ kóun ti sọ fún ọmọ òun láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Lọ́yà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò ló ń dun òun. "Ọdún méjì ni mo fi ń bi yín ohun tẹ́ ẹ jẹ, ẹ ó ní ẹyin. Láìpẹ́ yìí, ẹ ò wí pé ẹyin mọ́. Ohùn yín ń dùn. Mo wá rò pé ẹ ti ń gbàgbé màámi."

"Mi ò gbàgbé ìyá rẹ," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ebi ló ń pa mí, ọmọ mi. Kì í sì í ṣe ebi oúnjẹ nìkan."

Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní kí bàbá òun tètè lọ bá obìnrin náà, kó má ṣe é bí ẹni tó ń rán bàtà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Jẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan tí ata, tòmátò, àlùbọ́sà, ìrẹsì àti adìẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun ò fẹ́ rí àlejò. Jẹ́jẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ilé ìdáná nìkan lòun fẹ́ yá. Ẹ̀gbọ́n wò ó tòkè tilẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó jẹ́ kó wọlé, ó gbé àga síwájú ààrò, ó ká apá mọ́ àyà bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò.

Jẹ́jẹ́ gé àlùbọ́sà. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀: bí ìyàwó ò bá mọ oúnjẹ sè, ta ni yóò máa dáná nínú ilé náà?

"Èmi ni, mà. Èmi á máa sè é, àbúrò yín á máa sọ òótọ́ fún mi."

Nígbà tí oúnjẹ jinná, Ẹ̀gbọ́n tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó bu òdidi àwo kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sì kọjú sí ọ̀nà yàrá.

"Àbúrò, jáde wá. Ọkọ rẹ ti dáná tán."

Nọ́ọ̀sì jáde. Ó ti rù díẹ̀. Kò tíì jókòó tí Jẹ́jẹ́ fi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

"Ìwọ ni mo fẹ́, ààyò mi. Mo ti sọ fún ọmọ mi, mo sì ń sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ó bi í ohun tí ọmọ rẹ̀ wí, Jẹ́jẹ́ sì sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́. Omijé dé ojú Nọ́ọ̀sì nígbà tó gbọ́ ti ẹyin. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún òórùn àlùbọ́sà mú, ó ní òun gbà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì kan, ráńpẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́yà ní kò sí ẹlòmíràn tó máa gbọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà àfi òun, nílé òun. Kò gbà kí bàbá rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n, Télọ̀, Dírẹ́bà, tọkọtìyàwó, gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká, Lọ́yà bu oúnjẹ fún wọn, ó dúró, ó ń wo ojú wọn.

Ṣíbí kọ̀ọ̀kan dé ẹnu. Télọ̀ mu omi. Dírẹ́bà náà mu omi. Jẹ́jẹ́ ń jẹ tirẹ̀ lọ, ó tẹjú mọ́ àwo. Lọ́yà, ẹni tó ń bi bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ló jẹ, wá jẹ́wọ́ pé oúnjẹ títà lòun fúnra òun ń jẹ láti ọjọ́ tóun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yíjú sí ìyàwó bàbá rẹ̀, ó bi í bí oúnjẹ náà ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀," ó wí, ó sì na àwo rẹ̀ sí i. "Bù sí i fún mi."

Lọ́yà gba àwo náà, ó bù ú kún. Ó bu tirẹ̀ náà, ó fa àga, ó sì jókòó tì í.